Sólà Onípákó

"Gbajúmọ̀! Kí lo wá dé orí òrùlé nínú oòrùn yìí?"

Káfíńtà tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti ilé Gbajúmọ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà kì í ṣe kékeré. Bó bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Ọwọ́ Gbajúmọ̀ yẹ̀, ìlà funfun tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fà sára pákó dúdú iwájú rẹ̀ sì wọ́ sọ́tùn-ún.

"Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, Bàbá Káfíńtà!"

"Lórí òrùlé?"

"Inú oòrùn ló ti gbọ́dọ̀ gbẹ, sà!"

Káfíńtà mi orí, inú rẹ̀ dùn. Òun ló fún ọmọ náà ní pákó pẹlẹbẹ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì fi ìdajì agolo ọ̀dà dúdú ṣe èènì lé e, torí ó fẹ́ràn ọmọ tó bá fọwọ́ gidi mú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òrùlé nìkan ni kò fẹ́ràn. Tábìlì, àga àti bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ òrùlé lọ̀ ọ́, á ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ rárá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bá a pa irọ́ náà. Sólà ni Gbajúmọ̀ ń ṣe, sólà onípákó, tí kò lè tan iná tó tó ojú abẹ́rẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Màmá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀, nítorí kò sí ohun tó ṣe tí kì í ya àwòrán rẹ̀, títí kan abọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ohun tó gbé e dé orí òrùlé kọjá eré. Màmá rẹ̀ ní ilé àlejò kékeré kan, yàrá mẹ́rin péré, tó mọ́ tónítóní. Àlejò kì í wọ́n níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ṣí sí ojú títì, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè láìgun àtẹ̀gùn, ló di pé èèyàn lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan, Gbajúmọ̀ gbọ́ tí màmá rẹ̀ ń sọ lórí fóònù pé bí ọlidé yìí bá fi lè kọjá láìsí àlejò, òun á fi ilé náà háyà fún ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, òun á sì lọ ṣe iṣẹ́ alásè ní ìlú mìíràn. Gbajúmọ̀ ńkọ́? Gbajúmọ̀ á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Òfin tó bá ti kẹ̀yìn sí wọn. Nílé Màmá Òfin, wọn kì í rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ. Fóònù ọmọdé sì gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ àpótí fóònù yẹn dun Gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dùn ún jù. Kò fẹ́ kí màmá òun lọ ni. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n ti jọ ń gbé láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Kàkà kó wá sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ṣe ló gbé fóònù.

Ó rí ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó jẹ́ pé ilé àlejò kéékèèké tí kì í ba àyíká jẹ́ ni wọ́n máa ń wá kiri. Bí wọ́n bá ti gbé orúkọ ilé kan jáde, àlejò á máa wọ́ wá síbẹ̀ ni. Gbajúmọ̀ kọ̀wé sí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: ilé wọn mọ́, ó sì tutù. Nígbà tó kà á, ó rí i pé kò ládùn. Ó wí fún ara rẹ̀ pé, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ló bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i: iná wọn, láti ara oòrùn ni, ẹyin wọn, adìyẹ tiwọn ló ń yé e. Wọn ò ní sólà. Wọn ò ní adìyẹ. Adìyẹ inú àwòrán tó fi ránṣẹ́, káfíńtà ló ni wọ́n. Ṣe ló na fóònù kọjá ògiri tó pààlà sáàárín ilé méjèèjì.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ wá sùn, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Màmá Gbajúmọ̀, tí kì í yọjú sí íńtánẹ́ẹ̀tì, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Kí ni wọ́n rí lára wa tí wọ́n fi yàn wá?"

"Ìwà yín ni, Màámi," ni Gbajúmọ̀ fèsì, ó sì yára lọ bá káfíńtà fún pákó.

Bí àlejò náà ṣe dé, ó yà wọ́n lẹ́nu. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀, ó ní ọkọ̀ tí èèyàn kan ṣoṣo ń dá gùn ń fi epo ṣòfò. Ó gbé ife tirẹ̀ wá, ó gbé ṣíbí tirẹ̀ wá, ọṣẹ rẹ̀ wà nínú agolo kékeré. Nígbà tí Gbajúmọ̀ fẹ́ fún un ní omi inú ọ̀rá, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi àkekèé lọ̀.

"Obìnrin yìí ò gbàgbé nǹkan kan nílé," ni màmá Gbajúmọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ilé ìdáná. "Bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù."

Àlejò yí gbogbo ilé ká. Ó ṣí ìdérí àgbá tí wọ́n fi ń gbe omi òjò, ó wo inú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tí màmá Gbajúmọ̀ ti lẹ̀ ní igun méjì. Ó dúró wo bí wọ́n ṣe ń da omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà sídìí ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Gbogbo èyí ń ti Gbajúmọ̀ lójú. Kí ni àlejò fẹ́ fi ṣíìtì alálẹ̀mọ́ ṣe? Ó yára fà á jáde síta, ó nawọ́ sókè.

"Sólà wa nìyẹn, Àǹtí."

Àlejò fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn. "Ó kéré o."

"Agbára ló ní, mà."

"Mi ò rí wáyà kankan lára rẹ̀."

"Aláìníwáyà ni," ni Gbajúmọ̀ wí, ẹnu yá a ju ọpọlọ lọ. "Tuntun tó jáde ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n?" Àlejò gbé fóònù, ó ya àwòrán rẹ̀, ìlà wíwọ́ àti gbogbo rẹ̀.

Gbajúmọ̀ fi okùn so sólà náà mọ́ òrùlé, ṣùgbọ́n kò gbójú lé afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó jà mọ́jú ọjọ́ kejì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín sólà àti pákó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Gbajúmọ̀ bọ́ síta tó gbójú sókè, òrùlé ṣófo pátápátá. Ó wá a lábẹ́ àga, ó wá a nínú ewébẹ̀, kò rí i. Màmá rẹ̀ ti lọ sọ́jà. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, àlejò ti jókòó sídìí búrẹ́dì àti ẹyin.

"Ẹyin yìí dùn," ni àlejò wí. "Mo fẹ́ lọ kí àwọn adìyẹ tó yé e."

"Wọ́n... wọ́n ṣì ń sùn, mà."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ kan kọ lódìkejì ògiri. Àlejò rẹ́rìn-ín, ó dìde. Kí ni Gbajúmọ̀ tún lè ṣe? Ó ní àgbàlá káfíńtà ni àwọn ń sin wọ́n sí, torí pé ààyè kò gba wọn lọ́dọ̀ tiwọn. Ó mú àlejò lọ síbẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kí káfíńtà má tíì jí.

Káfíńtà ti jí. Ó ti parí iṣẹ́ kan pàápàá: ó ṣe ilẹ̀kùn tuntun sí ilé adìyẹ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà dúdú, ìlà funfun sì wà lára rẹ̀, ọ̀kan nínú ìlà náà wọ́ sọ́tùn-ún.

Gbajúmọ̀ rò pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ilẹ̀ ò lanu.

"Sólà yín nìyẹn!" ni àlejò kígbe. "Wọ́n ti jí sólà yín!"

Ọlọ́pàá kan máa ń dúró ní oríta tó wà nítòsí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sí àdúgbò, ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ olóko nìkan ló tíì rí ṣe. Bí ó ti gbọ́ igbe olè báyìí, kò rìn wá, eré ló bá dé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sí oríta.

"Ta lolè náà?"

"Olè wo?" ni káfíńtà bú ramúramù. "Pákó ni mo bá ní àgbàlá mi láàárọ̀! Mo ní Ọlọ́run ti pèsè ilẹ̀kùn fún adìyẹ mi!"

Ọlọ́pàá fi ìka kan ilẹ̀kùn náà. Kò, kò, kò. Pákó ni lóòótọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ àlejò, ó wo àwòrán, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wo àwòrán. Lójijì ni ojú rẹ̀ tàn.

"Mo ti mọ̀ ọ́n! Ọlọgbọ́n olè ni. Ta ló mọ pákó í gé? Káfíńtà! Ta ló ní ọ̀dà nílé? Káfíńtà! Ó ṣe ayédèrú, ó gbé e sórí òrùlé, ó wá jí ojúlówó gbé lọ. Afẹ́fẹ́ ló tú u láṣìírí. Ẹ wo ìlà wíwọ́ yìí. Ìlà wíwọ́ ara ojúlówó gan-an, ó tún un fà, kò yọ ọ́ sílẹ̀!"

Ìyàwó káfíńtà ti jáde, ó káwọ́ lérí. "Ọkọ tèmi? Ó gun òrùlé? Ọkùnrin tí kò lè gun àga pààrọ̀ gílóòbù! Èmi ni mò ń pààrọ̀ gílóòbù nínú ilé yìí, Ọ̀gá!"

"Ìyá, ó tó," ni káfíńtà wí.

"Kò tó! Ẹ gbé àkàbà wá, ẹ jẹ́ kó gùn ún lójú gbogbo wa, ẹ ó rí bó ṣe máa gbọ̀n!"

"Gbogbo olè ló máa ń gbọ̀n," ni ọlọ́pàá dáhùn. "Màmá, ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó tú ilẹ̀kùn náà, ó yí i padà, ó gbé e sí káfíńtà lójú. Àwọn adìyẹ rí àyè, wọ́n tú jáde láàárín ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn pákó náà, níbi tí ọ̀dà ò dé, àmì pẹ́ńsùlù kan wà, irú èyí tí káfíńtà máa ń fi sára gbogbo pákó tó bá ti wọ̀n. Káfíńtà rí àmì ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Gbajúmọ̀.

Ọkùnrin tí kì í dákẹ́, tó máa ń bá ìṣó sọ̀rọ̀ tó bá ń kàn án, dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọlọ́pàá mú un lápá, ó ní kó jẹ́ káwọn lọ sí àgọ́, síbẹ̀ kò la ẹnu. Ṣe ló ń wo ọmọ náà ṣáá.

Àlejò gbé ọwọ́ lé Gbajúmọ̀ léjìká. "Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Èyí ò ní ba nǹkan yín jẹ́. Ohun tí mo rí nílé yín lánàá ti tó mi. Orúkọ ilé yín máa jáde, ó dájú."

Ohun tí Gbajúmọ̀ ń wá nìyẹn. Ó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kó ṣáà pa ẹnu mọ́ ni, àlejò á máa rọ́ wá, màmá rẹ̀ ò ní lọ síbì kankan. Ṣé wọ́n á sì ti káfíńtà mọ́lé pẹ́? Wọ́n á wádìí, wọn ò ní rí nǹkan, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ó rò ó báyìí, ó rò ó lọ́hùn-ún. Ìyàwó káfíńtà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gidi, kì í ṣe ariwo mọ́. Ojú ti Gbajúmọ̀, ó bọ́ síwájú ọlọ́pàá.

"Kò sí ojúlówó," ló wí.

"Kí lo sọ?" ni àlejò bi í.

"Kò sí ojúlówó kankan níbì kankan. Èyí náà ni. Èmi ni mo kùn ún. Bàbá Káfíńtà fún mi ní pákó, mo parọ́ fún wọn pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. A ò ní sólà. Àwọn adìyẹ yìí náà, kì í ṣe tiwa, tiwọn ni. Ọjà la ti ra ẹyin tí ẹ jẹ, Àǹtí. Ẹ dákun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ṣé kò wá sí olè rárá?"

"Rárá, sà."

"Olè kékeré kan ńkọ́?"

"Kò sí, sà."

Ó tú ọwọ́ káfíńtà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó sì padà lọ wá fìlà rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni màmá Gbajúmọ̀ wọ àgbàlá náà pẹ̀lú ẹrù ọjà, ariwo ló pè é. Ìyàwó káfíńtà àti káfíńtà jọ rò ó fún un lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn adìyẹ ń bá wọn gbè é. Nígbà tó yé e, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ bẹ tọkọtaya náà, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lápá kó kúnlẹ̀ pẹ̀lú.

"Ẹ dìde, Ìyá Gbajúmọ̀," ni káfíńtà wí. Ohùn rẹ̀ ti padà sípò, àwọn ará òpópónà kejì náà gbọ́ ọ. "Mo rántí pákó náà nígbà tí wọ́n yí i padà. Mo lè sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ni mo fún ní pákó mi ni. Èèyàn ni. Ó pẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n èèyàn ni." Ó wá na ìka sí Gbajúmọ̀. "Ìwọ lo máa kó adìyẹ mi wọlé, gbogbo wọn."

Gbajúmọ̀ lé adìyẹ títí ọ̀sán. Ọ̀kan wọ abẹ́ ilé, ọ̀kan gun igi, àkùkọ sì yíjú padà, ó wá ń lé òun náà.

Nígbà tó délé, ó bá àlejò tó ń di ẹrù. "Ta ló sọ fún ẹ pé dandan ni sólà?" ni obìnrin náà bi í. "Àgbá omi òjò yín, ṣíìtì tí màmá rẹ lẹ̀ dípò kí wọ́n jù ú nù, omi ẹ̀wà tí wọ́n ń da sídìí ewébẹ̀, ìyẹn ni mo rí tí mo sọ pé ó tó mi. Òtítọ́ yín ti wọlé tán kí irọ́ rẹ tó wá tì í jáde. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ilé tó bá parọ́ fún wa gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún kan gbáko. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè yí i padà."

Ó dágbére fún màmá Gbajúmọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí ibùdókọ̀.

Màmá Gbajúmọ̀ ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń yọ ẹrù ọjà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ lọ." Omi ti dé ojú Gbajúmọ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ, Màámi."

Ọwọ́ màmá rẹ̀ dúró sínú agbọ̀n. "Ìgbà wo lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí?"

"Mi ò sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó o sọ fún èmi nìkan, o wá fi irọ́ kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé." Ó fà á mọ́ra. "Mo rò pé o ti dàgbà, pé kò ní dùn ọ́ bí mo bá lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí lára rẹ, a jọ máa wá ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n o máa fojú winá rẹ̀ o, má rò pé ó ti tán."

Wọ́n wá ọ̀nà mìíràn lóòótọ́. Wọn ò fi ilé fún onísìmẹ́ǹtì. Aránṣọ kan ló háyà yàrá méjì níbẹ̀, ó sì fi wọ́n ṣe ṣọ́ọ̀bù. Yàrá Gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó ń bá màmá rẹ̀ sùn báyìí, màmá rẹ̀ ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ sì máa ń jí i kí àkùkọ tó kọ. Ó kọ ìwé mìíràn nípa ilé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú màmá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí irọ́ kan níbẹ̀. Àlejò ò tíì wọ́ wá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọjú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Gbajúmọ̀ ò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ilé adìyẹ ló mọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí, bí ìbẹ̀rù kan bá wà lọ́kàn yín, ẹ má ṣe fi irọ́ bò ó. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tọ́rọ̀ kàn. Gbogbo irọ́ tí Gbajúmọ̀ kó jọ, àti ti orí òrùlé àti ti inú fóònù, kò lè dá màmá rẹ̀ dúró sílé. Ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ òtítọ́, tó fi omijé sọ ní ilé ìdáná, ló dá a dúró.